Ṣé Kòkòrò Onígbáméjì Lẹ́sẹ̀ Ni? Ìbéèrè Ìyá Olómi Kan Ní Igbogbo

Lọ́dọọdún, tí òjò ńlá bíi mẹ́ta bá ti rọ̀ ní Ìkòròdú, tí àgbàrá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ìdọ̀tí láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, orúkọ kan a tún máa jáde lẹ́nu àwọn èèyàn: onígbáméjì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àrùn náà ti wọlé, Ìkòròdú wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Abayomi, dárúkọ, pẹ̀lú Eti-Osa, Lagos Island àti Kosofe. Àyẹ̀wò fi hàn lẹ́yìn náà pé irú èyí tí wọ́n ń pè ní O1 ni. Lára ohun tí wọ́n fura sí ni kunu ófíò tí kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lára. Láti ìgbà náà, bí ṣíṣú òjò bá ti dé báyìí, ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn kì í balẹ̀ mọ́ lórí omi tí wọ́n ń mu.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa ní Igbogbo tí wọ́n ń ta omi kànga ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama. Wọ́n pè mí lọ́jọ́ kan. "Tíṣà," wọ́n ní, "kànga mi ní ìdérí irin, mo sì ń fi àgádágodo tì í. Garawa tí a fi ń fa omi kì í kanlẹ̀. Kòkòrò tí ẹ̀ ń sọ yìí, ṣé ó lẹ́sẹ̀ ni? Báwo ló ṣe rìn dé inú omi mi?"

Ó kù díẹ̀ kí n dá wọn lóhùn pé kò lẹ́sẹ̀, kí n sì máa lọ. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ìbéèrè wọn jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, èdè wa fúnra rẹ̀ ló sì fà á. Kòkòrò là ń pe aáyán, kòkòrò là ń pe yànmùyánmú, kòkòrò náà la tún ń pe ohun tí ojú kò lè rí. Ẹni tó bá gbọ́ kòkòrò, ẹsẹ̀ mẹ́fà ló máa wá sí i lọ́kàn. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni pé kòkòrò onígbáméjì ń rìn lóòótọ́, ó tún mọ ìrìn-ín rìn gan-an, síbẹ̀ ìrìn tirẹ̀ kọ́ ló gbé e dé inú kànga ìyá. Ìrìn méjì ló wà níbẹ̀. Omi, ọwọ́ àti àgbàrá ló ń gbé e rin èyí tó jìn. Èyí tó kúrú tó ṣẹ́kù, nínú ikùn èèyàn, òun fúnra rẹ̀ ló ń rìn ín, ibẹ̀ ló sì ti ń pani.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Àwọn àgbà wa wo ohun tí àrùn náà ń ṣe fún aláìsàn kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ: igbá kan fún èébì, igbá kan fún ìgbẹ́ gbuuru. Ní ọdún 1854, Filippo Pacini, dókítà kan ní ìlú Florence ní Ítálì, fi máíkírósíkóòpù wo ìfun àwọn tí àrùn náà pa, ó rí ohun tíńtín kan níbẹ̀, ó pè é ní Vibrio. Èdè Látìnì ni, ohun tó ń gbọ̀n ló sì túmọ̀ sí. Àwa fi ìyà tó ń jẹ èèyàn sọ ọ́ lórúkọ, àwọn fi bó ṣe ń mira sọ ọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, John Snow ń tọ ipasẹ̀ àrùn yìí dé ìdí ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street ní Lọ́ńdọ̀nù. Robert Koch, ará Jámánì, ló wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ láàárín 1883 sí 1884, ní Íjíbítì àti ní Calcutta ní Íńdíà, pé kòkòrò yìí gan-an ló ń fa àrùn náà.

Baktéríà ni wọ́n ń pe irú kòkòrò tí ojú kò lè rí yìí. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ìyẹn ẹyọ tó kéré jù lára ohun ẹlẹ́mìí, ni gbogbo ara rẹ̀. Ara tiwa ní àìmọye bílíọ̀nù sẹ́ẹ̀lì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Tirẹ̀, ọ̀kan náà ló ń jẹun, òun ló ń bímọ, òun ló ń rìn. Ó tẹ̀ díẹ̀ bí àmì ìdánudúró kékeré tí a ń fi sínú gbólóhùn. Bí a bá to 500 wọn tẹ̀léra wọn, wọn kò ní gùn ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ. Ní ìdí rẹ̀ ni ìrù kan wà, tó lọ́ bíi sípíríǹgì.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ rò pé ṣe ló ń ju ìrù náà síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹja. Ọdún 1973 ni Howard Berg àti Robert Anderson, ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé ìrù baktéríà kì í fì, ṣe ló ń yí bìrí bìrí bíi fáànù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Michael Silverman àti Melvin Simon ṣe ohun kan tí mo máa ń fẹ́ràn láti sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Wọ́n mú baktéríà tó ní ìrù, wọ́n lẹ ìrù náà mọ́ gíláàsì. Ìrù kò lè yí mọ́, ara kòkòrò náà fúnra rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá di abẹ́ fáànù mú pinpin, tí ìdí fáànù wá ń pòòyì. Kò tún sí ẹni tó lè jiyàn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ́ńjìnnì kan ló ń yí ìrù náà, tí a kàn mọ́ awọ ara sẹ́ẹ̀lì. Ó lè yí ju ìgbà 100 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bẹntiróòlù kọ́ ló ń lò. Nínú ọ̀pọ̀ baktéríà, èròjà háídírójìn tó ń ya wọlé láti ìta ló ń yí i, bí odò ṣe ń yí ẹ̀rọ ní ìdí ìsédò. Ti onígbáméjì yàtọ̀: sódíọ̀mù ló ń yí tirẹ̀, èròjà kan náà tó wà nínú iyọ̀ ìdáná wa. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé omi tó ní iyọ̀ díẹ̀, níbi tí òkun àti odò ti pàdé, bá a lára mu. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sà tó wà níwájú Ìkòròdú, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi òkun bá ń wọlé.

Ìwọ̀n eré rẹ̀ tó nǹkan bíi 60 máíkírómítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìdá ẹgbẹ̀rún kan mìlímítà ni máíkírómítà kan. Létí, ó kéré. Ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ ní ìlọ́po 30 nìyẹn. Bí èèyàn tó ga ní mítà 1.7 bá ń sá gígùn ara rẹ̀ ní ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, eré rẹ̀ á ju kìlómítà 180 ní wákàtí kan lọ. Ẹ ronú nípa ẹni tó sá irú eré bẹ́ẹ̀ láti Ìkòròdú dé Mile 12 láìwọ mọ́tò.

Ìyanu ibẹ̀ tún wà níwájú. Ẹ lọ sí etí ọ̀sà ní Bayeku tàbí Majidun, kí ẹ wo ọlọ́kọ̀ tó ń fi àjẹ̀ tukọ̀. Bó bá gbé àjẹ̀ sókè, ọkọ̀ á ṣì máa yọ̀ lọ síwájú díẹ̀ kó tó dúró. Baktéríà kò ní ìyẹn. Edward Purcell, onímọ̀ físíìsì tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1952, sọ ọ́ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní 1976: bí baktéríà bá dẹ́kun yíyí ìrù rẹ̀, ibi tó máa yọ̀ dé kò tó ìbú átọ́ọ̀mù kan. Ojú ibẹ̀ náà ló ti dúró. Omi tó ń ṣàn wẹ́rẹ́ lára wa, bí oyin ló ṣe ki lára ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Nínú omi tó ki báyẹn, bí ẹ bá ti àjẹ̀ lọ síwájú, tí ẹ sì dá a padà sẹ́yìn lójú ọ̀nà kan náà, ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lẹ máa padà sí, bó ti wù kí ẹ yára tó. Àfi ohun tó ń yí, bí ìdí skúrù tó ń wọ igi. Èyí ló jẹ́ kí ìrù tó lọ́ wúlò. Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìmọ̀ ibẹ̀ kò tíì tó mi.

Báwo ló ṣe ń mọ ibi tó ń lọ? Kò lójú, kò nímú. Ó kéré jù láti fi iwájú wé ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí Julius Adler bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1960, lórí baktéríà inú ìfun tí wọ́n ń pè ní E. coli, ni pé ó máa ń tọ́ omi wò bó ṣe ń lọ. Ẹ fojú inú wo ẹni tí wọ́n di lójú láàárín ọjà, tó ń wá ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Ó gbé ìṣísẹ̀ díẹ̀, ó fimú gbọ́: bí òórùn náà bá le ju ti ìṣẹ́jú tó kọjá lọ, á máa lọ níwájú, bí kò bá le, á yí kiri, á tún mú ọ̀nà mìíràn láìmọ èyí tó máa jẹ́. Bí E. coli ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Á sáré tààrà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan, á ta gìrì díẹ̀, á kọjú sí ibòmíràn, á tún sáré. Bí oúnjẹ bá ń pọ̀ sí i, eré á gùn. Àwọn Vibrio inú òkun, ìbátan onígbáméjì, tí ìrù wọn kò ju ẹyọ kan lọ, ní ọgbọ́n tiwọn: wọ́n á sáré síwájú, wọ́n á fà sẹ́yìn, ìdí ìrù á sì ṣẹ́ kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, orí á kọjú sí ọ̀nà tuntun.

Àwọn onísẹ́ẹ̀lì kan yòókù ní ìrìn tiwọn, èyí tí mo fi ń han àwọn ọmọ nínú omi adágún, bí máíkírósíkóòpù ilé ìwé bá ń ṣiṣẹ́. Páráméṣíọ̀mù ní irun wẹ́wẹ́ yíká ara, ó ń tu wọ́n bí ẹgbẹ́ atukọ̀ tó ń tukọ̀ pa pọ̀. Irú irun yẹn wà nínú ọ̀fun wa, òun ló ń gbá eruku ọyẹ́ padà síta. Àmíbà kò ní irun, kò ní ìrù. Ṣe ló ń na apá kan ara rẹ̀ síwájú, tí ìyókù á wá ṣàn tẹ̀ lé e, bí ìgbà tí a da ẹ̀kọ gbígbóná sílẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wa náà ṣe ń rìn nìyẹn, tó bá ń lé kòkòrò àrùn kiri. Antonie van Leeuwenhoek, aláṣọ títà kan ní ìlú Delft ní Netherlands, ló kọ́kọ́ rí irú àwọn nǹkan báyìí nínú omi ní àwọn ọdún 1670, pẹ̀lú gíláàsì tó fọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó bá ọ̀rọ̀ ìyá olómi mu jù ni ti ibà. Yànmùyánmú kì í sábà da kòkòrò ibà sínú ẹ̀jẹ̀ tààrà bí a ṣe máa ń rò. Inú awọ ara ló ń tú u sí. Yànmùyánmú ni ọkọ̀ tó gbé e láti ilé dé ilé. Láti inú awọ dé inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ibi tí kò ju ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́ lọ, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rìn ín. Kò ní ìrù, kò ní irun, ṣe ló ń yọ́ lọ bí ìgbín, máíkírómítà kan tàbí méjì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bó bá kùnà níbẹ̀, kò ní dé ẹ̀dọ̀, kò sì ní sí ibà. Ara ibi tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà ti ń bá a jà nìyẹn: àwọn èròjà ajàfára tí abẹ́rẹ́ náà ń mú jáde a máa lẹ̀ mọ́ ara kòkòrò náà, wọn a sì dá ìrìn rẹ̀ dúró. Èyí tí wọ́n ń pè ní R21 ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ìparí ọdún 2024, láti Kebbi àti Bayelsa.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí kànga.

Àwọn elétò ìmọ́tótó máa ń sọ pé ó yẹ kí kànga jìnnà sí sókawéè tàbí ṣáláńgá tó 30 mítà. Bí kòkòrò onígbáméjì bá fẹ́ fi ìrù ara rẹ̀ rìn ín, tó sì lọ tààrà láìyà síbì kan, á tó nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà. Kò sì lè lọ tààrà, nítorí ó ń ta gìrì, ó ń yí padà, kò mọ̀ pé kànga wà níbì kan. Bó ṣe ń rìn kiri láìní atọ́nà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni kò ní tó o láti la 30 mítà já. Bí ìrù rẹ̀ nìkan ni ọ̀ràn wà, ìyá ì bá máa sùn fọnfọn.

Omi abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé e. Níbi tí ilẹ̀ bá jẹ́ oníyanrìn, tí sókawéè kò sì jìn sí ibi tí omi wà, omi ẹ̀gbin á máa jò díẹ̀díẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ á sì máa gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ sí ibi tó rẹlẹ̀. Ìdérí irin kò kan ìyẹn, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wọlé. Lókè ilẹ̀ ẹ̀wẹ̀, àgbàrá á gba orí ṣáláńgá kọjá, á sì ya wọ kànga tí ẹnu rẹ̀ kò ga. Okùn garawa, ọwọ́ tí a kò fi ọṣẹ fọ̀, ẹsẹ̀ eṣinṣin, ìyàgbẹ́ sí gbangba: ọkọ̀ ni gbogbo wọn. Èèyàn tó kó àrùn náà tí ara rẹ̀ ṣì le sì ni ọkọ̀ tó tóbi jù, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó gbé kòkòrò náà mì kì í ṣàìsàn rárá, síbẹ̀ ó lè máa bá ìgbẹ́ wọn jáde fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tó fi lè dé ọjọ́ mẹ́wàá.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wọlé, ó sì ń dùn mí. Pùlọ́ọ̀tì kan lọ́dọ̀ wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ìyẹn nǹkan bíi mítà 18 sí 36. Ọ̀pọ̀ wa kò ra ju ààbọ̀ pùlọ́ọ̀tì lọ, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 60. Ẹ mú okùn, ẹ wọ̀n ọ́n láti igun dé igun, èyí tó jìn jù nínú ààbọ̀ pùlọ́ọ̀tì, kò ní ju nǹkan bíi 26 mítà lọ. Nítorí náà, ẹni tó kọ́lé sórí ààbọ̀ pùlọ́ọ̀tì, tó gbẹ́ kànga, tó sì ṣe sókawéè síbẹ̀, kò lè pé 30 mítà láéláé, ì báà jẹ́ ẹni tó mọ́ tónítóní jù ní Ìkòròdú. A ò tíì sọ ti sókawéè aládùúgbò tó wà lẹ́yìn ògiri. A máa ń dá àwọn ìyá lẹ́bi pé wọn kò tọ́jú omi. Ẹrọ omi ìjọba tó dé ojúlé dé ojúlé ni ìdáhùn tòótọ́, títí tó fi máa dé, a ò lè fi ìdọ̀tí ẹsùn kan ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò gbà á láyè.

Nípa omi ọ̀sà, ohun kan wà tí àwọn tó ń gbé etí omi lè fẹ́ mọ̀. Kòkòrò yìí sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ara àwọn ẹranko tíntìntín inú omi, tí wọ́n jọ edé kékeré. Rita Colwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ní abúlé 65 ní Bangladesh, wọ́n gbé e jáde ní 2003: àwọn obìnrin tó ń fi aṣọ sárì tó ti gbó, tí wọ́n ṣẹ́po lọ́pọ̀ ìgbà, sẹ́ omi kí wọ́n tó mu ún, dín onígbáméjì kù ní ìdá 48 nínú 100. Kòkòrò náà fúnra rẹ̀ lè gba ojú aṣọ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọkọ̀ tó wọ̀ ni aṣọ dá dúró. Síbẹ̀, aṣọ kò tó omi tí a sè. Álọ́ọ̀mù tí a máa ń dà sínú kànga náà ń mú kí omi mọ́ lójú ni, ẹrẹ̀ ló ń fà sísàlẹ̀; ẹ má fi ẹ̀mí lé e lọ́wọ́ pé ó pa kòkòrò. Kí omi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ló ń pa á.

Bí a kò bá sè é wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ kòkòrò náà ni omi kíkan inú ikùn máa pa. Àwọn tó bá yè á dé inú ìfun kékeré, ibẹ̀ ni ìrìn kejì ti bẹ̀rẹ̀. Ikun yíyọ̀ kan bo ara ìfun wa, bí omi ilá, ó wà níbẹ̀ láti má ṣe jẹ́ kí ohun burúkú kan awọ ìfun. Kò nípọn tó mìlímítà kan. Omi kò lè gbé kòkòrò gba ibẹ̀ kọjá, eṣinṣin kò lè gbé e, ọwọ́ kò lè gbé e. Àfi kó fi ìrù ara rẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ la ikun náà já. Tó bá débẹ̀, á so mọ́ ara ìfun, á máa bí sí i, á sì máa tú oró tó ń mú kí ìfun da omi àti iyọ̀ ara síta, tí ìgbẹ́ á fi dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Bí kò bá sí ìtọ́jú, ó lè pa èèyàn láàárín wákàtí díẹ̀. Ìwádìí sì ti fi hàn pé àwọn èròjà ajàfára tó ń lẹ̀ mọ́ awọ kòkòrò náà máa ń mú kó má lè lúwẹ̀ẹ́ mọ́, wọ́n gbà pé ara ọ̀nà tí àjẹsára onígbáméjì fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Sódíọ̀mù kan náà tó ń yí ìrù rẹ̀ ni a tún fi ń gba aláìsàn là. Awọ ìfun ní ilẹ̀kùn kan tí iyọ̀ àti ṣúgà jọ máa ń gbà wọlé pọ̀, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Oró onígbáméjì kì í ti ilẹ̀kùn yìí. Ìdí nìyí tí omi oníyọ̀ àti ṣúgà fi ń ṣiṣẹ́: lítà omi tó mọ́ kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí orí rẹ̀ tẹ́jú, ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ máa fún aláìsàn mu díẹ̀díẹ̀ láìdúró, kódà bó bá ń bì, bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe dúró kó di ọ̀la.

Gbogbo èyí ni mo ṣàlàyé fún ìyá, ó gbà wá ju wákàtí kan lọ lórí àga ike wọn. Nígbà tí mo parí, wọn kò sọ̀rọ̀ ìrù, wọn kò sọ̀rọ̀ sódíọ̀mù. Wọ́n pe ọmọ wọn tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, wọ́n ní kó mú téèpù rẹ̀ wá. A na téèpù láti ẹnu kànga dé ara ògiri, ọmọ náà gun ògiri, ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ aládùúgbò, ó sì na ìyókù dé orí ìdérí sókawéè wọn. Mítà 11 ni. Ìyá wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà wọ́n wọlé lọ, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ ọmọ wọn obìnrin iye gáàsì tó kù nínú sílíńdà.